Àdéhùn Àgbà, Sùúrù Ọmọ

 

Níbi àpéjọ Yorùbá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í pẹ́ di ẹ̀sùn. Ọmọ kò mọ̀ ọ́n kí. Ọmọ kò ní sùúrù. Ọmọ kò mọyì owó. Fóònù ti gbà á lọ́wọ́ ilé. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rojọ́ kì í sábà béèrè ibi tí ọmọ ti máa ń rí sùúrù, àti ẹni tí ọmọ náà ń wò kó tó mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun ní in.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Mischel ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan dídùn dán àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wò. Wọ́n á gbé ẹyọ kan síwájú ọmọ, wọ́n á ní bí kò bá jẹ ẹ́ títí àgbà yóò fi padà wọlé, yóò di méjì. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, ó jọ pé àwọn tó lè dúró ń ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ìròyìn náà tàn ká ayé, òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ bí ẹni pé wọ́n ti dá sùúrù tàbí wàdùwàdù mọ́ ọn láti ọ̀run wá. Lọ́dún 2018, olùwádìí Tyler Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ̀ràn náà lára àwọn ọmọ tó lé ní 900. Nígbà tí wọ́n ka bí nǹkan ti rí nílé ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, púpọ̀ nínú agbára tí wọ́n gbé fún sùúrù yẹn dínkù.

Èyí tó yẹ kí òbí gbọ́ jù ni ìwádìí tí Celeste Kidd ṣe ní Yunifásítì Rochester lọ́dún 2012. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n lò. Wọ́n á mú ọmọ wọ yàrá kan, wọ́n á fún un ní ìwé láti kun lọ́dà, pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù àlòkù. Wọ́n á wá sọ fún un pé bó bá lè ní sùúrù díẹ̀, àwọn yóò lọ mú èyí tó tuntun, tó sì pọ̀ ju èyí lọ wá. Fún ìdajì àwọn ọmọ náà, àgbà mú un wá lóòótọ́. Fún ìdajì kejì, ọwọ́ òfìfo ni àgbà bá padà: ó bẹ ọmọ pé kó má bínú, kò sí mọ́. Wọ́n tún irú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwòrán alẹ̀mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé nǹkan dídùn bíi ti Mischel kalẹ̀. Àwọn ọmọ tí àgbà ti mú ìlérí ṣẹ fún dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Àwọn tí wọ́n ti já kulẹ̀ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Ọmọ tó tètè jẹ tirẹ̀ kì í ṣe wọ̀bìà. Ó ṣírò ni, ó sì ṣírò dáadáa. Ta ni yóò dúró de ẹni tó ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì?

Ọdún 2017 ni Bettina Lamm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìdánwò sùúrù yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ àgbẹ̀ Nso ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì ṣe é fún àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Pọ́fù-pọ́fù ni wọ́n gbé síwájú àwọn ọmọ Nso. Nínú ọmọ Nso mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje tó dúró. Ti Jámánì kò tó mẹ́ta. Àwọn ọmọ Nso kan tilẹ̀ sùn lọ síwájú pọ́fù-pọ́fù náà! Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ fi èyí yangàn rọra o. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń gbọ́ràn, wọ́n sì ń bá ilé ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tí ẹ̀rọ ń bá fọ abọ́, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ síléèwé, ọmọ Jámánì yẹn ló bá tan jù.

Ọ̀rọ̀ kí ọmọ fọkàn tán òbí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló dàgbà lọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́. Òbí wọn ń kọ́ ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìṣirò owó, wọ́n sì tún ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè rówó ilé ìwé san. Nínú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́mọ. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje fi ìrírí tirẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ṣe fíìmù Farming, ìtàn náà kò sì dùn ún wò. Kò sí ìdí láti bú àwọn òbí ìgbà náà. Kò sí ìyá àgbà nítòsí, kò sí aládùúgbò tó lè bá wọn gbọ́mọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò mọ ìgbà tí ẹni tó sọ pé òun ń bọ̀ yóò dé.

Lónìí, àdéhùn tí à ń bà jẹ́ kéré jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀. “Màá wá wo bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ gbá lọ́jọ́ Sátidé.” Ibi iṣẹ́ pè, bàbá kò lọ. Lóde ìnáwó ńkọ́? Àǹtí ná ọmọ lówó nígbà tó ń jó, ìyá na ọwọ́: “Kó wá, jẹ́ n bá ọ tọ́jú rẹ̀.” Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ló mọ ibi tí owó náà gbà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ìyá yìí kan náà ni yóò tún jókòó lọ́jọ́ kan láti kọ́ ọmọ ní ìfowópamọ́.

Lẹ́yìn mímú àdéhùn ṣẹ, ohun kejì tó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù ni iṣẹ́, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ọmọ kò bá ṣe é, nǹkan yóò bàjẹ́ ní ti gidi. Tai Solarin mọ èyí dáadáa. Ó fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú Sheila aya rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956. Ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù jọ ń di ọkọ́ mú níbẹ̀. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n dá oko, wọ́n sin adìyẹ. Oúnjẹ oko yẹn ń dé orí tábìlì àwọn fúnra wọn. Àwọn kan ka Uncle Tai sí alágídí, ó sì le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí à ń fún ọmọ nílé nísinsìnyí: ó fọ abọ́ tán, ìyá tún gbogbo rẹ̀ fọ̀ lójú rẹ̀. Kí ni ọmọ náà kọ́, bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 1974, ka ohun méje tí ẹ̀kọ́ àbáláyé wà fún. Ìwà wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ fún àgbà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti làákàyè wà níbẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ wa gbàgbé ni pé kí ọmọ kópa nínú ọ̀ràn ẹbí àti ti ìlú. Nínú ẹgbẹ́ wa, a máa ń pe ọmọ kó wá jó, ká ya fọ́tò rẹ̀, kó padà sẹ́yìn. Nígbà tí a bá fẹ́ jíròrò owó, a ó ní kí wọ́n jáde.

Àbá tó wà nílẹ̀ lónìí ni pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá èsúsú ọmọdé sílẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni iléèwé girama ti ìjọba ní England ti ní ẹ̀kọ́ nípa ṣíṣètò owó nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wọn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èsúsú ti dàgbà ju ìlànà yẹn lọ fíìfíì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Ní Trinidad, “susu” ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kò ní báńkì, kò ní ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ ló gbé e ró.

Bó ṣe máa rí nìyí: ọmọ mẹ́wàá, pọ́n-ùn méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ogún pọ́n-ùn ni ẹni tó bá kàn yóò kó. Àwọn fúnra wọn ni yóò ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o, àwọn ni yóò yan akọ̀wé, akọ̀wé náà ni yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó gbẹ̀yìn yóò dúró. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ni iṣẹ́ tirẹ̀ le jù: ó ti ná ogún pọ́n-ùn rẹ̀ tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ṣì wà tí yóò máa dáwó fún ẹlòmíràn.

Bí ọmọ kan kò bá rí tirẹ̀ san, kí òbí má yọ́ ọ san lẹ́yìn. Kí ọmọ náà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó ṣàlàyé, kí wọ́n jọ dá ọjọ́. Àgbà kan ṣoṣo ni kó wà nítòsí, kó má sì sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi í. Ìyá tàbí bàbá tó bá sì fẹ́ yá nínú owó náà, kó tọrọ lọ́wọ́ akọ̀wé bí gbogbo èèyàn, kó sọ ọjọ́ tí yóò dá a padà, kó sì buwọ́ lù ú.