Bí A Ṣe Lè Kó Oríṣiríṣi Alágbàṣe Ṣiṣẹ́ Lóko

  Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn tí a ń gbà síṣẹ́ lóko.

Àwọn alágbàṣe wa, àti ọmọ ilẹ̀ yìí, àti àwọn tí ó ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá, ìwà wọn kò rí bákan náà. Ẹnì kan yára, ṣùgbọ́n a máa fi gbòǹgbò koríko sílẹ̀. Ẹlòmíràn ń falẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹta kì í sọ̀rọ̀: bí nǹkan bá dùn ún, yóò kàn di ẹrù rẹ̀ lóru ni. Bí ó bá lọ nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ̀yin ni ẹ pàdánù, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 tí a gbìn ín ni ó yẹ kí a ti ro ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fún olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí ó bá a mu. Ẹ fún ẹni tí ó yára ní ebè kíkọ, ẹ máa kà á fún un ní igba igba, kí ẹ sì san owó iye tí ó bá kọ. Ẹni tí ó fara balẹ̀ ni kí ó fi ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo, kí ó sì fín oògùn apakoríko. Owó òòjọ́ ni kí ẹ san fún un, kí ó má baà kánjú. Oníkánjú a máa bu oògùn jù, a sì jó ohun ọ̀gbìn.

Èkejì, ẹ sọ àdéhùn kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀: owó, oúnjẹ, ibi sísùn, àkókò ìrun tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọjọ́ ìsanwó. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ọdún kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá ṣèlérí alùpùpù, ẹ sọ irú èyí tí ẹ ó rà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa bi ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ léèrè ní ìrọ̀lẹ́ bí iṣẹ́ ti rí. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ ṣe iṣẹ́ náà kí ó rí i, kí òun náà ṣe é kí ẹ rí i.

Ìletò 11 ló para pọ̀ di Òkèhò, wọ́n sì jọ ṣí wá sí ibi tí ìlú wà yìí ní ọdún 1917. Bí ìletò 11 bá lè jọ gbé, alágbàṣe mẹ́ta lè jọ roko kan.