Ilé Tiwa Dà? Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ Ìlú Wa àti Àjọ̀dún Oúnjẹ àti Wáìnì Tí Mo Rí ní Florida

  

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ìlú wa. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe Kétu rárá. Amẹ́ríkà ni.

Àkọ́bí mi ń gbé ní ìpínlẹ̀ Florida. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní òun máa mú mi lọ sí EPCOT, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí ilé iṣẹ́ Disney ní lẹ́bàá ìlú Orlando. Mo bi í pé kí ni arúgbó ń wá níbi eré ọmọdé. Ó ní, “Màmá, oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣọdún níbẹ̀ lásìkò yìí.” Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló mú mi dìde.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún yín. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Ní apá kan rẹ̀, adágún omi ńlá kan wà. Yí ká etí omi náà ni wọ́n kọ́ ilé àwọn orílẹ̀-èdè sí, mọ́kànlá ni wọ́n: Mẹ́síkò, Nọ́wè, Ṣáínà, Jámánì, Ítálì, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Jàpáánì, Mòrókò, Faransé, Ìlú Ọba àti Kánádà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yí omi náà ká á rìn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì. Ní ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún oúnjẹ àti wáìnì níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é. Kì í ṣe ọdún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì bíi tiwa. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ inú oṣù kọkànlá ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n máa ń pa ìsọ̀ kéékèèké sí ààrin àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìlú tàbí agbègbè tí oúnjẹ rẹ̀ ti wá, wọ́n á sì kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè. Oúnjẹ méjì sí mẹ́ta ni ìsọ̀ kan máa ń tà, pẹ̀lú wáìnì tàbí bíà tó bá a lọ. Àwo náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òkèlè mẹ́rin, ó ti tán. Wọ́n á tún fún yín ní ìwé pélébé kan tó dà bí ìwé ìrìnnà, tí orúkọ gbogbo ìsọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ lè máa sàmì sí ibi tí ẹ ti jẹun. Mo rí àwọn àgbàlagbà tó ń fi ìwé yẹn ṣeré bí ọmọ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Kí ènìyàn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ju 100 dọ́là lọ, èyí tó ju 50,000 sẹ́fà lọ. Bí ẹ bá wọlé tán, àwo òkèlè mẹ́rin yẹn tó 6 dọ́là tàbí 8 dọ́là. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sí owó wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá oúnjẹ náà padà. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn tò lọ rẹrẹ.

Èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé Mẹ́síkò. A kọjá Nọ́wè, a kọjá Ṣáínà. Lẹ́yìn Ṣáínà, kí a tó dé Jámánì, a dé ibì kan tí wọ́n fi ìlù àti ohun ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìsọ̀ ohun mímu wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta ère àti ìlẹ̀kẹ̀ náà sì wà. Ilé kò sí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń ka àwọn ilé náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa aṣọ mi, ó ní, “Màmá àgbà, ilé tiwa dà?”

N kò rí èsì fún un.

Nígbà tó yá ni mo mọ ìtàn ibẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ọgbà náà, wọ́n ti gbèrò láti kọ́ ilé kan fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní agbedeméjì ayé. Alex Haley, ẹni tó kọ ìwé Roots, tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò tí wọ́n ń ṣí ọgbà náà ní 1982. Ilé náà kò dìde títí di òní. Owó onígbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró, yálà ilé iṣẹ́ ni o, yálà ìjọba. Ilé kan ṣoṣo tí ilẹ̀ Áfíríkà ní níbẹ̀ ni ti Mòrókò, tí wọ́n ṣí ní 1984. Ìjọba ilẹ̀ wọn ló dìde sí i. Ọba Hassan Kejì rán àwọn oníṣẹ́ ọnà tirẹ̀ láti ilé lọ tẹ́ àwọn òkúta aláràbarà tó wà lára ògiri rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dára.

Nítorí náà, n kò bá onílé jà. Ẹni tó bá dìde sí ohun tirẹ̀ ni ayé ń bá dìde.

Nínú àwọn àjọ̀dún oúnjẹ wọ̀nyẹn, wọ́n ti máa ń pa ìsọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Áfíríkà. Ẹ gbọ́ ohun kan tí wọ́n tà níbẹ̀: ẹran màlúù tí wọ́n fi bẹ́ríbẹ́rẹ́ sè, ilá àti tòmátì wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ àgbàdo funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ríbẹ́rẹ́ jẹ́ ata àti èròjà àwọn ará Ethiopia. Ẹ̀kọ yẹn jẹ́ ti àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Láti Ethiopia dé Gúúsù Áfíríkà, ẹ̀yin tó mọ àwòrán ayé, ẹ mọ bó ṣe jìnnà tó. Àwo kan ni wọ́n kó o sí, orúkọ kan ni wọ́n fún un. Ó lè dùn o, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé Faransé ní ilé, Ítálì ní ilé, gbogbo àwa yòókù wá di ẹyọ àwo kan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹni tó ń sọni lórúkọ kò bá mọ ilé ẹni, orúkọ tó bá ti wá sí i lẹ́nu ni yóò pè.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní bí a bá ní ilé níbẹ̀, kí ni a ó máa tà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ inú ewé, iyán àwọn ará Sábẹ, àádùn, wàgáṣì tí àwọn Fúlàní ń ṣe nítòsí wa, róbó. Ó ní, “Kí ni róbó?” Mo ní ẹ̀gúsí ni, ìyá mi a máa ṣe é. Ó ní kí n ṣe é fún òun lọ́la.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá mi fi róbó àti ẹ̀kọ rán mi nílé ìwé. Mo jẹ ẹ́ fún ogún ọdún, n kò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan kí n kọ́ ọ. Mo mọ gbogbo odò ilẹ̀ Faransé lórí, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá mi ti lọ. Ìtìjú tó mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà ju ti inú ọgbà lọ. Ta ni ìbá kọ́ ilé tiwa, bí àwa fúnra wa kò bá mọ ohun tí a ó gbé sínú rẹ̀?

Níbi àjọ̀dún yẹn, mo dúró níwájú ìsọ̀ Brazil. Búrẹ́dì oníwàràkàṣì kékeré ni wọ́n ń tà, inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń rí ìyẹ̀fun rẹ̀. Àkàrà ni mo ń wá, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ọmọ Kétu mọ ìtàn àkàrà ní Brazil. Ní Bahia, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ti ń fi orúkọ Kétu pe ara wọn títí di òní, àwọn obìnrin ń fi epo pupa dín àkàrà ẹ̀wà ní ojú pópó, pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà ni, jíjẹ sì ni. Àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò ní ilé, wọn kò ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ oúnjẹ wọn kò bọ́ lẹ́nu wọn. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà yìí sínú ìwé ogún ìní orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé sì ń bọ̀, tí òfin àwọn tó ni ìdíje fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré, àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ, wọ́n bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì gbà kí mẹ́fà nínú wọn tà ní pápá Fonte Nova ní 2013. Mẹ́fà kéré, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ní ọdún tiwa, kí ni a ń gbé fún àlejò? Ìrẹsì, adìẹ inú yìnyín tó ti òkè òkun wá, àti ohun mímu inú agolo. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ wà lẹ́yìn ògiri. Ẹlẹ́mu fara pamọ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, UNESCO ti kéde rẹ̀ láti ọdún 2001. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún bí kò ṣe láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa? A ń jó fún àwọn ìyá, a kò sì mọ orúkọ ohun tí wọ́n sè.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ya apá kan pápá ọdún sọ́tọ̀ fún oúnjẹ wa. Kí pátákó wà lórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sọ orúkọ oúnjẹ náà, àdúgbò tó ti wá, àti orúkọ ẹni tó sè é. Kí àwo kéré, kí owó rẹ̀ kéré, kí ẹnu lè dé ibi púpọ̀. Kí ẹlẹ́mu náà jáde síta. Sódábì tí gbogbo wa ń mu, ṣebí orúkọ ìdílé ènìyàn ni, orúkọ náà kò sì parẹ́.

Èkejì, ẹ̀yin aláṣẹ kọmúùnù, a kò béèrè owó. Omi tó mọ́, ìbòòji, ibi ìfọwọ́ àti ibi ìdalẹ̀nù ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn ìyá wa sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sè. Ẹ kọ iye omi, ẹ kọ irú ewé, ẹ kọ bí iná ṣe rí.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ mú wá láti Florida. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá lówó kò lè tọ́ ohunkóhun wò. Ní Kétu, àlejò kì í sanwó kó tó jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Kí ìkòkò kan wà ní ẹnu ọ̀nà pápá tí ẹgbẹ́ á máa sè, tí ọmọdé àti àlejò á ti jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó dé ibi ìsọ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ pé ọdún wa ni, kì í ṣe ọjà.

Nígbà tí mo dé láti ìrìn àjò, mo lọ bá ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́bàá rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. A lọ ẹ̀gúsí, a po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, a fún un títí epo fi jáde lára rẹ̀, a yí i róbóróbó, a dín in. Ti àkọ́kọ́ fọ́ sínú epo. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jóná. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ olùkọ́ ni, kì í ṣe ọwọ́ alásè. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dúró.

Ó wà nínú abọ́ lórí tábìlì yẹn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo kọ orúkọ ìyá mi sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ń bọ̀ nílé lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá tún bi mí pé ilé tiwa dà, mo fẹ́ lè fà á lọ́wọ́ wá sí pápá yìí.

 Ọdún á yabo fún wa. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá tọ́ róbó wò.