Gèlè Ò Dùn Bí Ká Mọ̀ Ọ́n Wé

Ẹ̀yin òǹwòran, kókó ìjíròrò yìí kò ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tí onílé ń wọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, bí kò ṣe aṣọ tí àjòjì ń wọ̀ nígbà tí ó bá dé ìlú onílùú. Ṣé ó yẹ kí arìnrìn-àjò wọ aṣọ ìbílẹ̀ àwọn tí ó gbà á lálejò? Bí ó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́? Àwọn àgbà Yorùbá ní òwe kan tí ó dà bí ẹni pé ó ti dá ẹjọ́ náà tán: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí kó yẹni. Òwe àkọ́kọ́ ń sọ ti ẹni tí ó ni aṣọ. Èkejì ń sọ ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìtàn kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí a fi ń ti etí òkun wọ ilẹ̀ Yewa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1830 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Iṣẹ́ tí ìjọba wọn rán wọn ni pé kí wọ́n wá ibi tí Odò Ọya ti ń wọ inú òkun. Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí Richard. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún Hugh Clapperton, ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ gba Àgbádárìgì, wọ́n sì la ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí a ń pe ilẹ̀ náà kí a tó yí i padà sí Yewa ní ọdún 1995.

Nígbà tí Richard tún padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, wọ́n pinnu láti wọ ohun tí wọ́n rò pé yóò bá ilẹ̀ náà mu. Wọ́n wọ ẹ̀wù pupa gbàgẹ̀rẹ̀ irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí òkè ọya ń wọ̀. Wọ́n wọ ṣòkòtò fífẹ̀ bíi ti àwọn ará Tọ́kì. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà aláwọ tiwọn. Wọ́n sì dé fìlà koríko tí ó fẹ̀ ju agbòòrùn lọ. Bí ará Àgbádárìgì ti rí wọn, ẹ̀rín ni. Àwọn Lander fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò wọn, tí a tẹ̀ ní ọdún 1832, pé àwọn ènìyàn rín àwọn gan-an, àti pé àwọn obìnrin ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀rín wọn má baà dun àwọn àlejò.

Kí ni ó fa ẹ̀rín náà? Kì í ṣe ti pé òyìnbó wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù wá láti ìlú kan, ṣòkòtò láti ìlú kejì, bàtà láti ìlú kẹta. Kò sì sí ọmọ onílé kankan tí ó bá wọn dì í, tí ó bá wọn tún un ṣe, tàbí tí ó sọ fún wọn pé fìlà yìí kò bá ẹ̀wù yìí lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àfojúdá ni wọ́n fi ṣe é. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Aṣọ tí kò ní olùkọ́ ni ó kó wọn sí ìyọnu.

Bí a bá sì yẹ aṣọ Yorùbá wò, a ó rí i pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú wíwọ̀ rẹ̀ kò sí nínú aṣọ náà rárá. Ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó wà. Agbádá kò ní bọ́tìnnì. Kò ní bẹ́líìtì. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ká apá rẹ̀ lé èjìká, bí a ṣe ń kó o jọ kí a tó jókòó, àti bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà kọ́. Ìró obìnrin kò ju aṣọ gbọọrọ kan lọ. Dídì rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ìró. Bí ó bá le jù, kò ṣeé kúnlẹ̀. Bí ó bá dẹ̀, ìtìjú wà níwájú. Ti gèlè kò tilẹ̀ ṣeé fi ẹnu sọ tán. Ènìyàn lè ra sányán tàbí ẹtù tí ó wọ́n jù lọja, kí ó má sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe nígbà tí ó bá dé iwájú dígí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, kimono ni orúkọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ‘ohun wíwọ̀’ lọ. Bí aṣọ òfì ti jẹ́ pé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kimono ṣe ń ti ara ìdì aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo jáde, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 38 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí gígùn rẹ̀ sì tó mítà 12. Kò ní bọ́tìnnì. Ti obìnrin a máa gùn ju láti èjìká dé ẹsẹ̀ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, a ó sì ṣẹ́ ẹ po ní ìbàdí kí a tó fi okùn dì í, kí a tó wá fi ọ̀já fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní obi, tí ó gùn tó mítà mẹ́rin, wé e mọ́ ara. Apá òsì ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí apá ọ̀tún. Bí àlejò bá gbé apá ọ̀tún lé òsì, kì í ṣe àṣìṣe kékeré, nítorí òkú nìkan ni àwọn ará Jàpáànù ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà kò sì ní sọ èyí fún un. Ènìyàn ni yóò sọ ọ́.

Ta wá ni ènìyàn náà? Nígbà kan, ìyá ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945, aṣọ òyìnbó ni àwọn ará Jàpáànù púpọ̀ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó sì ṣe, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wọn kò lè dá kimono wọ̀ mọ́. Èyí ni ó mú kí àwọn kan dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí wíwọ aṣọ nìkan; ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Norio Yamanaka dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Lónìí, àlejò tí ó bá dé ìlú Kyoto lè háyà kimono fún ọjọ́ kan, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yóò sì wọ̀ ọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ Jàpáànù pàápàá ń wá ẹni tí yóò bá wọn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1875 sí 1876 ni Claude Monet, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, ya ìyàwó rẹ̀ nínú kimono pupa. Ní ọdún 2015, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí àwòrán náà wà ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé irú kimono náà kalẹ̀ kí àwọn àlejò lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ya fọ́tò níwájú àwòrán náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí ìran wọn ti Éṣíà wá dìde, wọ́n ní wọ́n ń fi aṣọ àwọn ṣeré. Àwọn mìíràn, tí ọmọ Jàpáànù wà nínú wọn, ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé ó dùn mọ́ àwọn kí ayé máa wọ aṣọ àwọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé náà ní kí àwọn àlejò máa fọwọ́ kan aṣọ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ̀ ọ́ mọ́. Báyìí ni ìhà méjèèjì di ọ̀rọ̀ mú, tí kò sí èyí tí ó borí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yewa ti ní ìdáhùn tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ni ìdáhùn náà. Ní ilẹ̀ Yewa, ní Kétu àti láàárín àwọn Ànàgó, ọkùnrin ni ó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, aṣọ obìnrin ni ó sì máa ń wọ̀ sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ti ń yá ìró, gèlè àti ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ ara eléré. Ṣé a lè sọ pé àgbàbọ̀ yẹn kò yẹ ẹ́? Ó yẹ ẹ́, nítorí ohun mẹ́ta. Ẹni tí ó ni aṣọ mọ̀ sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yá a. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dì ni wọ́n dì í fún un. Òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ́ ijó náà láti kékeré, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń bá ìlù sọ̀rọ̀. Kì í fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń yẹ́ àwọn ìyá sí ni. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ohun mẹ́ta yìí, ìyọ̀ǹda onílé, ọwọ́ olùkọ́, àti sùúrù akẹ́kọ̀ọ́, ni a lè fi wọn gbogbo aṣọ tí àjòjì bá wọ̀. Àwọn Lander kò ní èkejì. Àwọn tí wọ́n bínú ní Boston ń béèrè fún àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Igbógilà. Láti ọdún 1973 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ń lọ sin ilẹ̀ baba wọn ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ká ní wọ́n fi ọmọbìnrin Tiv kan ránṣẹ́ láti Benue sí ìlú bí Igbógilà láti wá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìgbéyàwó dé ládùúgbò. Ìyá onílé rẹ̀ fún un ní aṣọ ẹbí. Ọmọbìnrin náà mọ aṣọ ìran tirẹ̀, a'nger aládúdú-àti-funfun. Ṣùgbọ́n kò wé gèlè onípele rí. Bí ìyá onílé bá ní, ‘Ọmọ mi, jókòó,’ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ní kí ó di etí kan mú kí òun fa ìkejì, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó wé e tán, yóò ti mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ìyàwó, yóò ti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí. Ìyá onílé náà lè wá béèrè nípa a'nger. Àlejò kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òun náà ní ohun tí yóò kọ́ni.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ìyá onílé bí lè má lè ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń san owó fún ẹni tí yóò wé gèlè fún wọn. Gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń dé bí fìlà, sì ti gba ọjà kan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ènìyàn jẹun nídìí gèlè wíwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù lè ṣẹlẹ̀ níbí pẹ̀lú: kí onílé di àlejò nínú aṣọ ara rẹ̀. Bí àjòjì bá dé lọ́jọ́ náà tí ó sọ pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi,’ kí ni ọ̀dọ́ Igbógilà yóò dá a lóhùn?

Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, kí ó má parí sí pé àwọn ọmọ wọṣọ wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bọ́ ọ. Kí a pe ìyá àgbà kan láti àdúgbò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, wé gèlè lé ẹlòmíràn lórí, kí ó sì tú u bí kò bá dára, kí ó tún un wé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga pàápàá, kí wọ́n tó di agùnbánirọ̀ ní ìlú onílùú, kí wọ́n kọ́ ti ilé ná. Ẹni tí kò mọ ti ilé rẹ̀ kò ní mọ ohun tí yóò bi onílé níbi tí ó bá lọ.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ fún àwọn tí yóò jíròrò nìyí: nínú gbogbo ẹni tí ó jókòó yìí, àwọn mélòó ni ó lè wé gèlè fún àlejò kan láìwá ẹni tí yóò bá a wé e?