Ẹni Tó Ya Fọ́tò Ọjà, Kó Bèèrè Orúkọ Ọlọ́jà

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Àgọ́-Àrẹ

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí á rí òní yóò jẹ́ kí á rí ogún ọdún pẹ̀lú ayọ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fẹ́ gbọ́, nítorí báǹkì ni mo ti ń jẹun. Akọ̀wé wa ní rárá, ó ní ọ̀rọ̀ owó tí à ń sọ nípàdé oṣooṣù ti tó. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò tí mo máa ń yà kiri, èyí tí ẹ fi ń pè mí ní Alukoro oníkámẹ́rà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi.

Báǹkì ti gbé mi kiri. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n sì gbé mi dé Kánò. Níbi yòówù tí mo bá dé, tó bá di Sátidé, ọjà ni mo kọ́kọ́ ń wá, èmi àti kámẹ́rà mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú, kó lọ sí ọjà wọn. Ní Kánò, mo rìn nínú ọjà Kurmi, ọjà àtayébáyé tí ọ̀nà inú rẹ̀ há débi pé ẹni méjì ní láti yà fún ara wọn. Ní Ìdúmọ̀tà, kí oòrùn tó yọ, aláàárù ti ń ké pé, "Àgò lọ́nà o!" Bí o bá dúró ya fọ́tò níbẹ̀, ẹrù ni yóò sọ fún ọ pé ọ̀nà kọ́ ni ibi ìdúró. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo rí, méjì péré ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Mo rí ìyá elélùbọ́ kan tó jókòó ti ọ̀sẹ̀ èlùbọ́ funfun, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lójú. Ó wù mí, mo bá yà á, n kò kí i, n kò bèèrè. Ó fi gèlè bo ojú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú mi lo fẹ́ lọ tà ni?" Àwọn ọlọ́jà dìde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo pa fọ́tò náà rẹ́ lójú rẹ̀, mo sì ra èlùbọ́. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún gèlè wé, tó ní, "Ó yá, yà mí báyìí." Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé fọ́tò náà lọ fún un, lórí páálí. Ó pe gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn wá wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ọlọ́jà kí n tó gbé kámẹ́rà sókè.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Mile 12 ní Èkó. Mo rí iṣu tí wọ́n tò bí ògiri. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, màmá. Níbo ni iṣu yìí ti wá?" Ó ní, "Ṣakí." Mo ní níbo gan-an ní apá Ṣakí? Ó ní, "Ọ̀gá, Ṣakí náà ni." Ẹ̀yin àlejò wa láti Ṣakí, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé gbogbo iṣu Òkè-Ògùn ni wọ́n ń pè ní tiyín l'Ékòó! Iṣu yẹn lè jẹ́ ti Àgọ́-Àrẹ, ó lè jẹ́ ti Tedé tàbí Ìgbòho. Kó tó dé Èkó, orúkọ ìlú rẹ̀ ti já bọ́ lọ́nà. Àgbẹ̀ tó kọ ebè rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ya fọ́tò iṣu náà, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé èmi náà kò bèèrè orúkọ ìyá tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá fún yín tí fọ́tò ọjà àti ti òpópónà sọ di ara wa. Pierre Verger ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1902, ilé olówó ló sì ti jáde. Ọdún 1932 ni ìyá rẹ̀ kú. Lọ́dún náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ fọ́tò yíyà, ó sì fi ilé sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń ti ìlú dé ìlú káàkiri àgbáyé, tó ń fi kámẹ́rà bọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946 ló gúnlẹ̀ sí ìlú Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil.

Ohun tó rí lójú pópó níbẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ mọ́. Ó rí aláàárù, ó rí apẹja, ó rí obìnrin aláṣọ funfun tó jókòó ti agbada, tó ń dín àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, àkàrà àti jẹ ló so pọ̀ di orúkọ náà. Ẹ̀kọ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, acaçá ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbé e lọ.

Irú kámẹ́rà tó ń lò ní ẹ̀kọ́ fún wa. Rolleiflex ni. A kì í gbé e sójú bí a ti ń gbé fóònù. Àyà ni à ń gbé e sí, a ó sì tẹrí ba láti wo inú rẹ̀ láti òkè. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni, ó ti tẹrí ba fún un ná, bí ẹni tó ń kí àgbà. Fọ́tò méjìlá péré ni fíìmù kan sì ń gbà. Ẹni tó ní méjìlá yóò wo ènìyàn dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwa tí a lè ya ọgọ́rùn-ún kí oúnjẹ tó jinná, mélòó là ń wò nínú rẹ̀?

Verger tẹ̀lé àkàrà yẹn padà sí orísun rẹ̀. Láti ìparí ọdún 1948 ló ti ń wá sí Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, ó sì ń wọ Nàìjíríà. Ní Kétu, ní ọdún 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ilé ìwádìí IFAN ní Dakar ló ń ràn án lọ́wọ́. Ó kó 2,000 àwòrán fún ọ̀gá ibẹ̀, Théodore Monod, ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Monod ní kò tíì parí, àfi kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Verger kò fẹ́ ìwé kíkọ rárá, kámẹ́rà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Láti ibẹ̀ ló ti di ẹni tó kọ ìwé ńlá lórí òwò ẹrú láàárín etíkun wa àti Bahia, èyí tó jáde ní ọdún 1968, àti ìwé lórí bí Yorùbá ṣe ń lo ewé, èyí tó jáde ní ọdún 1995. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú ní Salvador, àwòrán tó fi sílẹ̀ sì lé ní 60,000.

Lára ohun tó yà ni ọjà Água de Meninos, létí omi ní Salvador. Ní ọdún 1964, iná jó ọjà náà run. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ti rí lónìí, fọ́tò ni yóò wò.

Brazil kò jìnnà. Ẹ rántí Akẹ̀sán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ìjọba ti tún un kọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú iná náà, mo ti ilé ń bọ̀, mo gba Ìséyìn wọ Ọ̀yọ́, mo yà sí ọjà náà. Mo rí ìyá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú. Mo kí wọn, mo ra òrí, wọ́n gbà kí n ya àwọn. Ìyá náà ní, "Má gbàgbé láti mú un wá o." Mo ní n kò ní gbàgbé. Mo gbàgbé.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọjà jó, fọ́tò náà ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ọlọ́jà ti túká. Ta ni mò ń wá? N kò mọ orúkọ, n kò gba nọ́ńbà. "Ìyá tó ń ta òrí" ni mò ń sọ. Wọ́n ní, "Èwo nínú wọn?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí ẹnì kan tó mọ ojú tó wà nínú rẹ̀, tó sì mú mi dé ilé ọmọ náà. Ìyá ti kú kí iná tó dé. Fọ́tò ìyá tí ọmọ ní, ara ògiri ìsọ̀ ló gbé e kọ́, ó sì bá ìsọ̀ lọ.

Ó gba fọ́tò náà, ó jókòó sílẹ̀, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹ mọ orúkọ ìyá mi?" Ojú tì mí. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ orúkọ náà fún mi, ó wá bíírò wá, ó sì ní kí n kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò kí n tó lọ, pé kó má tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn tirẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn èyí tó wà lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí à ń to fọ́tò jọ fún ìwé yìí, a gbé fọ́tò ọjọ́ tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ síwájú. Àwọn méjì dúró lọ́wọ́ ọ̀tún tí kò sí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó mọ orúkọ wọn. Ọdún mẹ́wàá péré ni o. Báwo ni ti ọdún àádọ́ta yóò ti rí? Fọ́tò àwọn ìyá wa lọ́jà Àgọ́-Àrẹ, ti àwọn bàbá wa níbi tí wọ́n ti ń di iṣu sínú ọkọ̀, gbogbo wọn wà nínú àpótí nílé wa. Àwọn tó mọ orúkọ inú wọn ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fọ́tò àtijọ́ kan wá láti ilé. Kó tó mú un wá, kó jókòó ti ìyá tàbí bàbá, kó bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n yà á àti ibi tí wọ́n ti yà á, kó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èmi yóò ra ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, owó rẹ̀ kò sí lára owó ẹgbẹ́. Ìkejì, kí á máa tẹ fọ́tò jáde. Fóònù lè bọ́ sómi, olè sì lè gbé e. Ìkẹta, ẹni tó bá ya ọlọ́jà, kó kí i, kó bèèrè orúkọ rẹ̀, kó sì mú ìlérí ṣẹ.

Ẹ̀yin méjì tí ẹ dúró lọ́wọ́ ọ̀tún nínú fọ́tò ọjọ́ náà, bí ẹ bá wà níjokòó lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ètò. Bíírò wà lọ́wọ́ mi.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Àgọ́-Àrẹ yóò máa gòkè sí i.