Omi Ẹ̀rọ Ìlú àti Ohun tí Ń Bá A Rìn



Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi a máa gbé àlejò wọlé, àlejò náà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni nígbà gbogbo.

Li ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fa omi Ìjù wá sí Èkó, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú san owó rẹ̀, àwọn ọmọ Èkó kọ̀ jálẹ̀. Li ọdún náà gan-an ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀ràn owó-omi sì wà lára ohun tí ó bí i. Ta ni yóò sanwó? Èyí ni ìbéèrè wọn, ìbéèrè rere sì ni. Ó ku ọ̀kan tí àwa kò tí ì bi tó: kí li ó wà nínú omi náà nígbà tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ ilé wa?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé omi tí ó mọ́ lójú, tí kò sì rùn, omi rere ni. Ẹ jẹ́ kí a wo Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú àwọn tí ó fa omi ẹ̀rọ wá fún wa. Li ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní àdúgbò Soho. Kànga ẹlẹ́rọ kan ní Broad Street ni wọ́n ń pọn. Kòtò ẹ̀gbin ilé kan wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń jò sínú rẹ̀. Omi náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí opó kan tí ó ti kó lọ sí Hampstead fi ń ránṣẹ́ lọ pọn ọ́n. Ó mu ún, ó sì kú. Dókítà John Snow li ó tọ ipasẹ̀ àrùn náà dé ìdí kànga yìí.

Ní ilé-iṣẹ́ omi, a máa ń fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí rọlẹ̀, a ó fi iyanrìn sẹ́ omi náà, a ó sì fi klórínì pa kòkòrò àrùn. Bí wọ́n bá ṣe é bí ó ti yẹ, omi tí ó jáde níbẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀nà ni ewu wà. Ẹ wo páìpù àwọn ìlú wa: inú gọ́tà ni púpọ̀ nínú wọn gbà, òmíràn sì ti dógùn-ún títí ó fi lu. Nígbà tí omi bá kún inú páìpù, tí agbára sì ń tì í lọ, síta ni yóò máa jò. Ṣùgbọ́n bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí páìpù sì ṣófo, ihò kan náà ni yóò máa fa omi gọ́tà wọlé. Olówó tí ó so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìlú láti fa omi sí ilé tirẹ̀ ń dá kún un. Ó ń fa ẹ̀gbin fún ara rẹ̀ àti fún aládùúgbò rẹ̀. (A mọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nílé díẹ̀ nínú àwọn tí ń gbọ́ wa.) Báyìí ni ìgbẹ́ gbuuru, taifọ́ìdì àti onígbáméjì ṣe ń wọ ilé ọlọ́lá.

Páìpù fúnra rẹ̀ a sì máa pani lára. Ní Flint, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, li ọdún 2014, wọ́n pààrọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fa omi, wọn kò sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Òjé ara páìpù àtijọ́ sì yọ́ sínú omi tí àwọn ọmọdé ń mu. Bí a tilẹ̀ se irú omi bẹ́ẹ̀ títí, òjé kò ní kúrò.

Nítorí náà, nígbà tí aṣojú ìjọba bá tún wá sí ààfin nítorí omi ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ bi í pé: wákàtí mélòó ni omi yóò máa wà nínú páìpù lóòjọ́? Ta ni yóò yọ páìpù kúrò nínú gọ́tà? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí klórínì má dín ní 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan nígbà tí omi bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò mu ún, kí kòkòrò E. coli má sì sí rárá nínú 100 mílílítà. Kì í ṣe ní ilé-iṣẹ́ omi ni kí wọ́n ti bu omi tí wọn yóò yẹ̀ wò, bí kò ṣe ní ilé tí ó wà ní ìparí páìpù, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá.