Ọ̀níní, Òṣùwọ̀n àti Èènì: Bí Àwọn Ìyá Wa Ti Ń Ra Ohun Ìlò Ilé Láyé Àtijọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)

  Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àṣà wa kan, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sórí ogun, oyè àti ìtàn àwọn ọba, nítorí irú rẹ̀ ni a sábà máa ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi tí ó yí mi lọ́kàn padà.

Mo mú owó wẹ́wẹ́ kan tí ó ní ihò láàrín lọ síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tí í ṣe. Wọ́n wò ó títí. Ọ̀kan dá mi lóhùn pé wáṣà ni, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tù. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà di ìrònú fún mi. Ọ̀níní ni owó náà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò lọ́la, wọn kò sì mọ owó tí àwọn ìyá ńlá wọn fi ra iyọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: kì í ṣe òwò ńlá ti kòkó àti ti ekùrọ́, bí kò ṣe ọjà kékeré tí obìnrin ilé ń ná lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn tí ó ṣáájú wa ṣètò ọjà wọn lọ́nà tí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù lọ yóò fi lè dúró níwájú àtẹ láìtijú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: owó wẹ́wẹ́, òṣùwọ̀n títọ́, àti èènì.

Kí a kọ́kọ́ wo bí ilé ti ń jẹun. Ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, láti oko ni baálé ti ń mú iṣu, àgbàdo àti gbáàgúdá wá. Ata, epo, iyọ̀, irú, ẹja gbígbẹ àti ẹran ni ìyàwó ilé ní láti wá lọ sí ọjà. Kò sí ẹ̀rọ tí í mú oúnjẹ tutù kí ó má bàjẹ́. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń rà, lójoojúmọ́ ni a sì ń rà. Ọjà òwúrọ̀ wà, ọjà alẹ́ sì wà, níbi tí àwọn tí ó ti oko dé ti ń rajà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fìtílà elépo. Ọjà ńláńlá a máa pé ní ọrọọrún tàbí ní ìsán. Ibẹ̀ ni àwọn alájàpá ti ń kó ẹrù pàdé, tí àwọn aláròóbọ̀ sì ń rà á wá sí ìlú láti tún un tà ní kékeré. Ní òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ ilé kì í dáná rárá: ẹ̀kọ àti àkàrà ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri.

ÈKÍNÍ: OWÓ WẸ́WẸ́

Kí owó òyìnbó tó gbilẹ̀, owó ẹyọ ni a ń ná. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Àpò tí a ń kó o sí ni ọ̀kẹ́, àti títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ pe ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, ọ̀kẹ́ márùn-ún ni yóò wí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bí ṣílè márùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kọ́bọ̀ méjìlá ayé ìgbà náà ni ṣílè kan, ọgọ́ta kọ́bọ̀ sì ni ṣílè márùn-ún, nítorí náà kọ́bọ̀ kan ṣoṣo tó nǹkan bí 333 ẹyọ.

Èmi kò wá yin ẹyọ ní àyìnjù. Ṣílè márùn-ún péré di ẹrù orí alágbára kan. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé láti òkun jíjìn, láti erékùṣù Maldives, àti lẹ́yìn náà láti agbègbè Zanzibar, ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti kó o wá, àti pé ẹyọ kan náà ni wọ́n fi ra àwọn ọmọ wa lọ sí oko ẹrú. Ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ ayé àtijọ́ láìrántí èyí, ìtàn kò yé e. Ṣùgbọ́n ìwúlò kan wà lára owó náà: ó kéré. Obìnrin tí kò ní ju ẹyọ díẹ̀ lọ lè fi ra ata díẹ̀ lọ sílé.

Owó kékeré yìí ni ó jẹ́ kí àṣà ẹlẹ́wà kan ṣeé ṣe. Lẹ́bàá ọ̀nà oko, àgbẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ a máa pàtẹ iṣu tàbí èso sílẹ̀, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láti fi iye rẹ̀ hàn, a sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò ọ̀nà a mú ohun tí ó fẹ́, a fi owó rẹ̀ sílẹ̀, a sì kọjá. Ní 1916, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù Piggly Wiggly ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà. Ohun ìyanu ni fún àwọn ará ibẹ̀ pé oníbàárà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà, nítorí pé tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó dúró lẹ́yìn káńtà ni í mú un fún un. Síbẹ̀ Saunders ní láti fi agbowó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà tiwa kò ní ẹnu ọ̀nà, kò sì ní agbowó. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti ìtìjú ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ. Ẹ sì kíyè sí i: àtẹ tí kò ní olùtà kò lè fún ni ní ṣéńjì. Bí kò bá sí owó tí ó kéré tó iye ọjà, àtẹ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró.

Ní 1901 rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, ọjà òkèèrè sì tẹ̀lé e: iyọ̀ alápò, ṣúgà, ìṣáná, kẹrosíìnì, abẹ́rẹ́ àti ọṣẹ òyìnbó. Owó fàdákà tẹ̀lé wọn, wàhálà sì dé sí ìdí àtẹ, nítorí kọ́bọ̀ tóbi jù. Ta ni yóò fi owó tí ó ju ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ lọ ra ohun ọgbọ̀n ẹyọ? Ìjọba wá rí i pé bí wọn kò bá ṣe owó kékeré, ẹyọ kò ní kúrò lọ́jà. Ní 1907 wọ́n ṣe owó kan tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Aluminium ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò bá ojú ọjọ́ wa mu, ó ń bàjẹ́. Láti 1908 ni wọ́n ti ń fi nickel ṣe é. Òun ni ọ̀níní. Ihò wà láàrín rẹ̀, a sì lè sín in sí okùn bí a ti ń sín ẹyọ. Ẹ bá mi tún ṣírò: ìdámẹ́wàá 333 jẹ́ nǹkan bí 33, kò sì jìnnà sí ogójì, èyíinì ni okùn ẹyọ kan. Ẹ̀yin ará, obìnrin aláta kò tẹrí ba fún owó ọba. Owó ọba ni ó tẹrí ba fún obìnrin aláta.

Nígbà Ogun 1914 sí 1918, owó fàdákà wọ́n, Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1912 sì gbé owó bébà jáde ní 1916. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni kò fẹ́ ẹ. Omi lè bà á jẹ́, ikán lè jẹ ẹ́, èyí tí ó kéré jù nínú rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ ṣílè méjì. Kí ni aláta yóò fi ṣe ṣéńjì rẹ̀?

ÈKEJÌ: ÒṢÙWỌ̀N

Ata wà ní òkìtì lórí àtẹ, a sì ń fi igbá tàbí ahá wọn iyọ̀ àti ẹ̀wà. Nígbà tí ọjà òkèèrè dé, ohun tí òyìnbó lò tán di òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wa. Gárawá tí kẹrosíìnì tán nínú rẹ̀ di ìwọ̀n epo pupa. Agolo sìgá di ìwọ̀n gàrí àti ìrẹsì. Ìgò ọtí di ìwọ̀n òróró. Ọgbọ́n ni èyí, nítorí agolo kan náà ni ó wà ní Ìbàdàn tí ó sì wà ní Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n níbi tí òṣùwọ̀n bá wà, olè òṣùwọ̀n kò ní ṣàì wà. Àwọn kan a máa lu ìdí agolo wọ inú, kí ó lè gba díẹ̀. Òmíràn a na ìka rẹ̀ sínú agolo bí ó ti ń wọn ọjà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwà yìí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tí a rẹ́ jẹ mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ lọ. Ẹgbẹ́ aláta wà, ẹgbẹ́ elépo wà, Ìyálọ́jà sì wà lórí wọn. Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí òṣùwọ̀n èké, àwọn ìyá wa tí kò tíì gbọ́ ọ kà pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀.

ẸKẸTA: ÈÈNÌ

Lẹ́yìn tí a bá ti dúnàá dúrà tán, tí owó ti bọ́ sọ́wọ́ olùtà, oníbàárà yóò tún na ọwọ́ pé, "Ẹ fún mi léènì." Àwọn àlejò a máa rò pé ọ̀nà míràn láti dín owó kù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnáwó ti parí. Ohun tí ó wá lẹ́yìn ìnáwó, ẹ̀bùn ni. Ata méjì tàbí ìkúnwọ́ gàrí kan ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún tálákà pé a rí i ní ènìyàn, kì í ṣe owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a rí. Ẹni tí ó gba èènì lánàá ni yóò padà wá lónìí, òun náà sì ni a lè tà á láwìn bí ọwọ́ bá dínkù.

Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, iye kan ṣoṣo ni. A kì í dúnàá dúrà, a kì í sì í fúnni léènì. Kí n sọ òtítọ́: ó ní ire tirẹ̀, nítorí ọmọdé tí a rán níṣẹ́ àti àgbàlagbà gbọ́n-ínráńyẹ̀ iye kan náà ni wọn yóò san. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dáwọ́ èènì dúró, tí kò sì mú òtítọ́ iye kan ṣoṣo wá rọ́pò rẹ̀, ó ti ba ilé méjèèjì jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo bẹ̀rù pé a dé báyìí. Owó Nàìjíríà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1959 kò ní ọ̀níní nínú. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ààbọ̀ kọ́bọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ní 2007 a tún ṣe owó onírin tuntun, 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì. Ẹ lọ wá a lọ́jà lónìí bóyá ẹ ó rí i. Láìpẹ́ yìí mo rán ọmọ ilé mi kan ní iyọ̀. Ó mú súìtì méjì bọ̀ dípò ṣéńjì. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ ni o bèèrè súìtì?" Ó ní, "Rárá, Baba, wọ́n ní kò sí ṣéńjì." Bí mo bá mú súìtì kan náà padà lọ ra ìṣáná, ṣé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi? Ẹni tí ó ń fi fóònù sanwó lè san iye ọjà gan-an. Arúgbó tí ó ń fi owó bébà ra ata kò ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Níbi tí owó wẹ́wẹ́ bá ti kú, ṣéńjì tálákà ni ó ń bá a kú.

Ẹ̀yin Baba wa, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ wa kó ẹyọ, ọ̀níní, ahá àti gárawá jọ pẹ̀lú orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè máa fi ojú rí wọn, kí a sì máa fi wọ́n kọ́ ìṣirò. Èkejì, kí ẹ̀yin Ìjòyè wa pẹ̀lú àwọn Ìyálọ́jà fi kóńgò kan ṣoṣo lélẹ̀ ní ààfin, èyí tí a ó máa fi dán gbogbo kóńgò ọjà wò, kí ẹni tí a rẹ́ jẹ tún lè mọ ibi tí yóò lọ. Ẹkẹta kò ná ẹnikẹ́ni ní ohun kan: kí olúkúlùkù wa tí ó ń tajà máa dá ṣéńjì padà títí dé èyí tí ó kéré jù lọ, bí ọwọ́ bá sì gbà á, kí ó fi èènì lé e.

A máa ń wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí a ti ń wọn ọjà fún aládùúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, bí owó tí a fi rà á tilẹ̀ kéré. Ọ̀níní náà wà lórí tábìlì yìí. Kí olúkúlùkù mú un wò kí a tó túká, kí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé.