Kí Ni Ẹ Ń Dà Sínú Ọkọ̀ Yín?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ nínú ètò ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹlẹ́dàá tó mú wa rí òní yóò mú wa rí ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí. Àṣẹ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó ni màá sọ, nítorí pé báńkì ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Wọn kò ṣìnà. Lẹ́yìn ilé, ọkọ̀ ni ohun tó gba owó jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó ẹ́ńjìnnì kan tó nọ́ọ̀kì yóò ra ọ́ìlì fún ọdún púpọ̀. Mo wo ibi tí a páàkì sí lónìí, gbogbo ọkọ̀ ló ń dán. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá ń fọ ara ọkọ̀ lójoojúmọ́ tí a kò mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, a ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Èmi kì í ṣe mekáníìkì. Mo kàn jẹ́ ẹni tó máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára kéègì kó tó sanwó. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa máa ṣe nìyẹn.

Ìwé ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ bi

Ní báńkì, a kì í fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà. Ọkọ̀ náà ní ìwé tirẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ fún ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni ìwé yìí ti sọnù nínú wọn kí wọ́n tó dé, ṣùgbọ́n ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí nọ́ńbà ọ́ìlì náà lórí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí.

Ẹ jẹ́ ká fi Toyota Corolla ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó pọ̀ láàrin wa. Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà, tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, 5W-30 ni ìwé rẹ̀ sọ, ó sì ń gba nǹkan bíi lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fíítà pẹ̀lú. Èyí tó tẹ̀ lé e, 2009 sí 2013, tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZR-FE, 0W-20 ni, lítà 4.2. Ẹ rí i pé kéègì lítà mẹ́rin kan yóò ṣẹ́kù fún ti àkọ́kọ́, kò sì ní tó fún ìkejì. Àṣà wa ni pé kí á da kéègì náà tán sínú ọkọ̀ yòówù kó jẹ́. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù, irin inú ẹ́ńjìnnì yóò máa gbá a bí ẹni ń po ọṣẹ, yóò sì máa yọ fóòmù. Fóòmù kò lè dáàbò bo irin.

Nọ́ńbà ara kéègì

Kí ni 5W-30 àti 20W-50 ń sọ? Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. W yẹn dúró fún winter, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń yá láti ṣàn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe ki tó.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wà. Ọ̀pọ̀ mekáníìkì máa ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ wa gbóná, ẹ má dá òyìnbó lóhùn, 20W-50 ni kí ẹ rà.” Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ooru inú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ooru oòrùn. Iná epo tó ń jó nínú rẹ̀ ló ń mú un gbóná, rẹdiétọ̀ àti tàmósítáàtì ló sì ń ṣọ́ ooru náà kó má kọjá àyè rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Chicago. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì ti ṣàn padà sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí a bá sítáàtì ọkọ̀ ni irin máa ń ha irin jù, ọ́ìlì tó bá sì yá láti gòkè ló ń gbà á sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹ́ńjìnnì bíi VVT-i ti Toyota ní àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá láti darí iṣẹ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó ki jù ń pẹ́ kó tó débẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ mekáníìkì o, kí á má fi dù wọ́n. Ìwé àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru ní àtẹ tó fàyè gba 10W-30, 15W-40, títí dé 20W-50. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á, ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tó ti ń jẹ ọ́ìlì, lè fara mọ́ èyí tó ki díẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú arúgbó nìyẹn. A kì í fún ọmọ tuntun ní oògùn arúgbó.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà

Ẹ wá àmì API lára kéègì. Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀: S fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù, C fún ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kejì ló ń sọ bó ṣe jẹ́ tuntun tó: SL jáde ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020. Èyí tó jẹ́ tuntun lè ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò lè ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tuntun. API fúnra wọn sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, àti pé SA kò yẹ fún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. Bí ẹ bá rí kéègì tó rẹwà tí wọ́n kọ SF sí lára, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Bákan náà ni ti ayédèrú. Ẹ ra ọ́ìlì níbi tí ẹ lè padà sí bí wàhálà bá dé. Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹnu kéègì, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ wo àmì MANCAP ti SON lára èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ bi ara yín léèrè ìdí. Bí ẹ bá sì ti da ọ́ìlì tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu kéègì yẹn kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Kéègì tó dára tí a sọ sí ààtàn ni àwọn oníjìbìtì ń ṣà, tí wọ́n ń rọ ìdọ̀tí sí, tí wọ́n sì ń tà padà fún wa.

Omi inú rẹdiétọ̀

Àwọn kan ní, “A kò ní yìnyín, kí la fẹ́ fi kúlàǹtì ṣe?” Iṣẹ́ kúlàǹtì kò mọ sórí yìnyín. Kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100°C. Bí kúlàǹtì àti omi bá jẹ́ ìlàjì-ìlàjì, yóò kọjá bẹ́ẹ̀, ìdérí rẹdiétọ̀ tó sì mọ́ra dáadáa yóò tún gbé e sókè sí i. Omi kànga tàbí ti bọ́húò ní àwọn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ inú rẹdiétọ̀ bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàfikún, omi dísítííìdì ni kí ẹ lò. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ pupa, búlúù tàbí ewéko, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ tó wù ú. Ẹ má sì ṣí rẹdiétọ̀ nígbà tó gbóná láéláé. Bí mekáníìkì bá ní òun fẹ́ yọ tàmósítáàtì sọnù, ẹ ní kó fi tuntun sí i.

Gíà

Ọ́ìlì pupa tí a ń pè ní haidirọ́líìkì kì í ṣe ti gbogbo gíà ọtọmátíìkì. Toyota ní T-IV, ó ní WS, ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Honda ní DW-1. Àwọn Nissan tó ní gíà CVT ń lo NS-2 tàbí NS-3. Gíà CVT ní bẹ́líìtì irin tó gbọ́dọ̀ di ojú irin mú. Ẹni tó bá da haidirọ́líìkì lásán sí i ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó gíà mìíràn. Nípa gíà, ẹ má ṣe méfò.

Bíréèkì

Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fetí sí jù, nítorí pé ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí a ń pè ní ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Bí ẹ bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí haidirọ́líìkì sí i, gbogbo rọ́bà inú bíréèkì yóò wú, bíréèkì yóò sì kọṣẹ́. Ẹ wo ìdérí rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4 ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, a kì í pò ó pọ̀ mọ́ wọn.

Nǹkan yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìlànà DOT 3 ni pé nígbà tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Lẹ́yìn tó bá ti fa omi, ìlànà náà kò béèrè ju 140°C lọ. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú èrò àti ẹrù, tó ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró, ooru bíréèkì rẹ̀ lè hó èyí tó ti gbó. Bó bá hó, atẹ́gùn ló kù nínú páìpù, ẹsẹ̀ yóò tẹ bíréèkì délẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Kéègì tí ẹ ti ṣí sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ti fa omi, ẹ má lò ó mọ́.

Bí a ṣe lè pààrọ̀ ọ́ìlì nílé

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè yá, kí ẹ sì pa á. Bí ẹ bá máa wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi irin ìdúró tó lágbára gbé e. Jáàkì nìkan kò tó, ó ti pa ènìyàn rí. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì náà ṣàn tán sínú abọ́, ẹ fi wáṣà tuntun dí i. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fíítà, ẹ fi ọwọ́ lásán dè é. Ẹ rọ ọ́ìlì díẹ̀ kéré sí iye tí ìwé sọ, ẹ sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fa géèjì. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà, kó súnmọ́ ti òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ má fi kìlómítà nìkan ṣírò. Ọkọ̀ tó dúró wákàtí méjì lórí afárá kò rìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ṣáájú àkókò tí ìwé dá fún ọkọ̀ tó ń sáré geere.

Ọ́ìlì dúdú tí ẹ bá tú jáde, tí a ń pè ní kọ̀ńdẹ́mùdì, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ìdí kànga. Ẹ kó o fún àwọn tó ń rà á. Ẹ má fi pa egbò ènìyàn tàbí ti ajá. Àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Èmi kò ní kí á gba oúnjẹ lẹ́nu mekáníìkì. Àwọn kan nínú wọn jókòó sáàrin wa níbí, ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì pọ̀ ju ọ́ìlì pípààrọ̀ lọ. Mekáníìkì tó mọṣẹ́ fẹ́ràn oníbàárà tó mọ ohun tó ń béèrè, ẹni tí kò mọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ọ́ìlì lítà mẹ́rin yàn jẹ.

Àbá kan ni mo ní. Kí olúkúlùkù wa kọ ìlà mẹ́rin sórí páálí kékeré kan: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti iye lítà rẹ̀, ọ́ìlì gíà, DOT ti bíréèkì, àti irú kúlàǹtì. Kí a fi páálí náà sínú ọkọ̀. Ẹni yòówù tó bá gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì, ìbáà ṣe ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí dírẹ́bà, yóò mọ ohun tó yẹ kó rà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí. Géèjì kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

A ó délé láyọ̀ o. Ọ̀nà kò ní ná wa, ọkọ̀ wa kò ní kọṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a ṣe pé lónìí, a kò ní dín.